Ìfọwọ́síwèé Kì í Dè Bóòtù

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní sáà tí ó kọjá, a pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn wá bá wa jiyàn lórí ipò tí ó yẹ kí èdè Yorùbá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ó kan ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ, ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní: "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ máa ké ewì yín, ẹ máa pa àlọ́ yín, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́. Irin kò gbọ́ òwe." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo rántí ohun kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi rí, ojú sì tì mí pé n kò lè dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn lójú agbo. Èsì tí n kò rí fọ̀ ní ọjọ́ náà ni mo wá kọ síhìn-ín.

Òótọ́ ni pé irin kò gbọ́ òwe. Ṣùgbọ́n irin kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ẹni tí ó mú sípánà lọ́wọ́ ni ó ń gbọ́ èdè, òun náà ni ó ń sọ ọ́ fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ni èyí: púpọ̀ nínú ewu tí ó ń bá ẹ́ńjìnnì láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe, kì í ṣe pé ọwọ́ kò mọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ni kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, ta ni ó wá lè sọ fún àwa tí ń kọ́ nípa èdè pé kí a dákẹ́?

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì wọ ilé tí a ti ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe rí. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn tí ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ lè tú u, kí ó jẹ́ pé àwọn tí ó wọlé ní òru ni yóò tò ó. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ilé-iṣẹ́ tí ó kan ọkọ̀ náà kọ ni ó ń sọ bí a ó ti ṣe é. Káàdì iṣẹ́ ń to ohun tí a ó ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá sì ṣe é yóò fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tí yóò gbé ọkọ̀ náà fò ní òwúrọ̀ kò sí níbẹ̀ ní òru. Kò rí bóòtù, kò rí òrùka rọ́bà. Ìwé ni ó rí. Bí ìwé bá purọ́, afọ́jú ni awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Miami, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1983, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ní ilé-iṣẹ́ Eastern Air Lines ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ Lockheed L-1011 kan, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta. Iṣẹ́ náà kò le rárá. Òòfà kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan tí ó ń mú irin wẹ́wẹ́ inú ọ́ìlì, kí a lè tètè mọ̀ bí nǹkan bá ti ń jẹ ẹ́ńjìnnì náà nínú. Wọ́n ní láti yọ èyí tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òrùka rọ́bà ni ó ń dí ẹnu ihò rẹ̀ kí ọ́ìlì má baà jò, káàdì iṣẹ́ sì sọ ọ́ ní kedere pé kí wọ́n fi òrùka tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lára pé àwọn òòfà tí wọ́n ń bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá wọn ti máa ń ní òrùka lára. Ní òru ọjọ́ náà, kò sí ìkankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n gba òòfà láti ilé ìkẹ́rùsí, ìwọ̀nyí kò sì ní òrùka. Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì fọwọ́ sí káàdì pé àwọn ti ṣe gbogbo ohun tí ó wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ náà gbé ènìyàn 172, ó doríkọ Nassau. Kò pẹ́ tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àárín fi lọ sílẹ̀. Awakọ̀ pa á, ó sì ṣẹ́rí padà sí Miami. Lẹ́yìn èyí ni agogo ọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ́ka sí òdo. Àwọn awakọ̀ rò pé agogo ni ó bàjẹ́, nítorí ta ni yóò gbà pé ẹ́ńjìnnì mẹ́ta lè pàdánù ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ́ńjìnnì méjì yòókù kú lójú òfurufú, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. A ti ní kí àwọn èrò wọ aṣọ tí a fi ń léfòó lójú omi kí ẹ́ńjìnnì àárín, èyí tí wọ́n ti pa tẹ́lẹ̀, tó jí padà. Òun nìkan ni wọ́n fi balẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó burú jù: nígbà tí àwọn olùwádìí tú ìwé wò, wọ́n rí i pé ìgbà 12 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni irú ìṣòro òòfà àti òrùka bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan náà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìwé ìkìlọ̀ ń jáde, kò sì wọ ẹni tí ó mú sípánà létí.

Ọdún 12 kọjá, ọ̀ràn náà sì tún wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ní pápákọ̀ òfurufú East Midlands. Wọ́n fẹ́ fi awò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wo inú ẹ́ńjìnnì méjèèjì ọkọ̀ Boeing 737 kan tí ó jẹ́ ti British Midland. Òṣìṣẹ́ kò pọ̀ ní òru náà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹnu ni ó sì fi ṣàlàyé fún un ibi tí òun bá a dé. Kò sí ìwé kan tí ó sọ pé: èyí ni mo ti tú, èyí ni ó kù láti dé. Ẹni tí ó gbà á náà ní iṣẹ́ mìíràn lọ́rùn, wọ́n sì ń pè é síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó parí wíwò náà, ṣùgbọ́n kò dá ìdérí kan padà sára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, kò sì tan ẹ́ńjìnnì náà wò ní ilẹ̀ bí ìwé ti wí. A fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1995, ọkọ̀ náà gbéra lọ sí Lanzarote, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì ń dà sílẹ̀ lójú òfurufú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé awakọ̀ tètè yà sí Luton.

Àwọn ti Texas kò rí irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ dá. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ti wọn, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, wọ́n tú ìṣó onídè 47 kúrò ní òkè ìrù ọkọ̀ Continental Express kan ní òru. Àwọn tí ó tú u lọ sílé. Àwọn tí ó wọlé kò mọ̀ pé wọ́n tú u. Ìwé kò sọ ọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ìrù ọkọ̀ náà ya lójú òfurufú, ènìyàn 14 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ǹjẹ́ ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀rẹ́ mi léèrè: èdè wo ni wọ́n ń sọ ní Miami, ní East Midlands àti ní Texas? Ṣé Yorùbá ni? Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè iṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé ìtọ́nisọ́nà wà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó nílò ògbufọ̀ láti kà á. Síbẹ̀, òrùka kò sí nídìí òòfà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì ni oògùn àìgbọ́ra-ẹni-yé níbi iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó lọ tún èrò rẹ̀ pa. Mímọ èdè ọ̀tọ̀, kíka ohun tí a kọ ọ̀tọ̀, ṣíṣe ohun tí a kà ọ̀tọ̀, kí ènìyàn sì sọ òótọ́ ohun tí ó ṣe, òun náà ọ̀tọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mo ń sọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, ọkọ̀ Dana Air kan tí ó ń bọ̀ láti Àbújá sí Èkó já lulẹ̀ sí àárín ilé àwọn ènìyàn ní Ìjú-Ìṣágà. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ní ilé wọn sì bá a lọ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ni kò lágbára mọ́. Ìwádìí tí ìjọba wa ṣe rí ohun púpọ̀: ó rí i pé àwọn awakọ̀ kò lo ìwé àyẹ̀wò wọn bí ó ti yẹ, wọn kò sì tètè yà sí pápákọ̀ òfurufú tí ó súnmọ́ wọn jù. Ṣùgbọ́n ó tún rí èyí: ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ti kọ ìwé jáde láti ọdún 2003 lórí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí epo ń gbà wọ inú rẹ̀, pé kí a fi irú tuntun tí ó lágbára jù rọ́pò wọn; a sì tún ẹ́ńjìnnì kìn-ín-ní ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011 láì ṣe ohun tí ìwé náà wí. Ọdún mẹ́jọ ni ìwé náà fi wà nílẹ̀. Ìmọ̀ràn ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí ìjọba yóò fi sọ ọ́ di dandan. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ náwó, etí dídi ni yóò kọ sí ìmọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé ọ̀rọ̀ kò kan irin, ẹ rìn dé Ìjú-Ìṣágà.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi kan tí a ti ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Ní òru ọjọ́ kan ó lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí i. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, òjò ń rọ̀, àgbàlagbà náà sì ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ọwọ́ òsì ńkọ́?" Ó dá a lóhùn pé: "Mo ti wò ó." Ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wo káàdì, ó rí i pé a ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, nítorí ohun tí káàdì wí nìyẹn. Síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Kí ni àgbàlagbà yìí wò? Ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé e láti bi í, ṣùgbọ́n ó mọ èsì tí yóò gbà: "Ìwọ ọmọ àná yìí ni ó ń yẹ iṣẹ́ mi wò?" Ó dúró títí bàbá náà fi jáde ní ẹnu ọ̀nà, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó gun àkàbà bí ẹni tí ó gbàgbé sípánà sókè. Ìdérí ojú ihò ọ́ìlì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n a kò tì í pa. Ẹ̀gbọ́n mi tì í pa, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo bi í pé: "Bùrọ̀dá, kí ni ẹ kọ sílẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ó ní: "Kí n kọ orúkọ àgbàlagbà sílẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?" Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi yìí, òun ni ó san owó ìdánwò mi. Ṣùgbọ́n èmi kò lè gbè é. Ó gba ọkọ̀ kan là ní òru ọjọ́ náà, ó sì fi ewu kan náà sílẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn, nítorí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà yẹn ní ọ̀la kò ní mọ ohun tí òun mọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ tiwa yẹ gbólóhùn yẹn wò. "Mo ti wò ó." Nínú èdè wa, wíwò kì í ṣe ti ojú nìkan. Ohun tí oníṣègùn ń ṣe fún aláìsàn ni wíwò pẹ̀lú. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí ìwòsàn. Nítorí náà ẹni tí ó sọ pé òun ti wò ó lè ní i lọ́kàn pé òun fi ojú kàn án, ẹni tí ó gbọ́ sì lè gbà pé ó ti sàn. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó purọ́. Ẹ tún wo "mo ti ṣe é" àti "mo ti ń ṣe é". Ìkíní ti parí, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ni ó wà láàrin wọn? Ìró "ń" kan ṣoṣo, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ lè gbé mì láì fura. Ẹ wo "ó ti wà níbẹ̀". Ìdérí tí a gbé lé ihò wà níbẹ̀, èyí tí a dè pa náà wà níbẹ̀. Ní ọjà tàbí ní ilé, a ó rẹ́rìn-ín sí irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀. Nídìí ẹ́ńjìnnì, ènìyàn ni ó ń kú sí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi yóò fò sókè níhìn-ín pé: "Ẹ kò rí i? Èdè yín ni kò mọ́lẹ̀!" Kí ó fara balẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù fúnra wọn ni ó jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n sì gbé Gẹ̀ẹ́sì kan kalẹ̀ ní ọdún 1986, èyí tí a gé kúkúrú fún ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Nínú odidi èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, nǹkan bí 900 ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà láyè yàtọ̀ sí orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀. Wọ́n pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan. "Follow" gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí kí nǹkan wá lẹ́yìn òmíràn. Kò gbọdọ̀ túmọ̀ sí kí a gbọ́ràn. "Oil" gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí a ń dà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ dídà á. Gbólóhùn tí ń pàṣẹ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju 20 ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn wo ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe àwọn tí ó mọ èdè tinú-tẹ̀yìn, tí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó mọ irin? Bí Gẹ̀ẹ́sì bá nílò àtúntò kí ó tó wúlò nídìí ẹ́ńjìnnì, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Yorùbá tí a kò tí ì tún tò?

Ṣùgbọ́n n kò ní dá àwọn ará ilé wa sí. Nínú ẹgbẹ́ wa náà ni a ti rí àwọn tí ó ń pariwo pé kí a túmọ̀ gbogbo ìwé ẹ́ńjìnnì sí Yorùbá ní kíá, kí ojú lè ti òyìnbó. Èmi kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ òfurufú kì í dúró sójú kan; ilé-iṣẹ́ tí ó kọ ọ́ ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà, ewé tuntun ń wọlé, ewé àtijọ́ ń jáde. Bí ìtumọ̀ Yorùbá bá fi oṣù mẹ́fà pẹ́ sẹ́yìn ìwé gan-an, ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e ti ń tẹ̀ lé òkú ọ̀rọ̀. Ìfẹ́ èdè ẹni kò gbọdọ̀ sọ ni di apànìyàn. Kí ìwé náà wà ní èdè tí a fi kọ ọ́, kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà sì mọ èdè yẹn dé ibi tí yóò fi lè kà á, kọ ọ́, kí ó sì fi ṣàlàyé. Òfin Amẹ́ríkà dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe. Ti Yúróòpù kò dárúkọ èdè kankan. Ohun tí ó wí ni pé kí ẹni tí yóò lo ìwé àṣẹ rẹ̀ lè ka èdè tí a fi kọ ìwé iṣẹ́, kí ó lè kọ ọ́, kí ó sì lè fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀ yékéyéké. Èyí ni ó bọ́gbọ́n mu lójú mi.

Ohun tí mo ń jà fún yàtọ̀. Láàrin ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a kà àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a fọwọ́ sí, àwọn òṣìṣẹ́ wa ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo òru, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. A lè fi òfin dè é, wọn yóò ṣì máa sọ ọ́. Kàkà kí a díbọ́n pé ọ̀rọ̀ yẹn kò sí, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìmọ èyí. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu a máa yẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pa àrokò. Bí a bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà mọ́ òun. Bí ìránṣẹ́ bá sọ ẹyọ kan ṣoṣo nù lọ́nà, iṣẹ́ tí a rán an ti di òmíràn, kò sì sí àlàyé ẹnu tí ó lè dá a padà. Àrokò ni káàdì iṣẹ́. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ohun tí kò ṣe ti já ẹyọ kan kúrò nínú okùn.

Àwọn kan yóò wí pé mo fẹ́ kí ọmọdé máa bu àgbà lẹ́nu. Rárá o. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ìdọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ wa ní ìdọ̀bálẹ̀ náà ni ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà tí ó bá rí ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí àrífín kò yẹ ní ẹni tí ń fi ẹ́ńjìnnì lé ènìyàn lọ́wọ́. Kí ọmọdé kúnlẹ̀ bí ó bá fẹ́, kí ó sì bèèrè lórí ìkúnlẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé ẹ ti dè é pa, tàbí ẹ kàn gbé e síbẹ̀ ni?" Ìbéèrè yẹn kò mú ọ̀wọ̀ kúrò. Ìsìnkú ènìyàn 153 ni kò ní ọ̀wọ̀ nínú.

Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ni ó sọ fún un. Èkejì, kí a máa fi iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́ níwájú ẹ́ńjìnnì náà, lójúkojú, ní èdè tí ó yé àwọn méjèèjì jù. Kí ẹni tí ń lọ kọ́kọ́ ka ohun tí kò tí ì parí, kí ẹni tí ń gbà á tún un sọ padà fún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kí àpò tó kọ́ èjìká. Bí ènìyàn bá rí àṣìṣe ẹlòmíràn, kí ó lè kọ ọ́ láì bẹ̀rù pé wọn yóò lé e. Àwọn ọ̀gá ni ó ni ẹrù èyí, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan.

Ẹ̀kẹta kan àwa gan-an. Mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ẹ̀ka èdè àti ní ẹ̀ka ẹ̀rọ pé kí ẹ jọ jókòó. Ẹ rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè lọ sí ibi iṣẹ́, kí a lọ gba ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò sílẹ̀ bí a ti ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó. Kí a ya èyí tí ó ní ìtumọ̀ méjì sọ́tọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sì yan èyí tí wọn yóò máa lò: ọ̀rọ̀ kan fún "mo fi ojú kàn án", òmíràn fún "mo ti tún un ṣe", ọ̀kan fún "mo gbé e síbẹ̀", òmíràn fún "mo ti dè é pa". Kò lè kún ojú ewé méjì. Ẹgbẹ́ wa lè tẹ̀ ẹ́, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ náà sì wá kọ́ bí a ti ń kọ gbólóhùn kúkúrú tí kò ní ìtumọ̀ méjì, nítorí mo ti ka ìwé tí àwọn kan nínú wọn kọ, ẹ̀rù sì bà mí.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti dá ọ lóhùn. O ní irin kò gbọ́ òwe, mo gbà. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, mú káàdì iṣẹ́ kan dání wá. Èmi yóò mú ẹ̀gbọ́n mi wá, bí ó bá gbà. A ó ka káàdì náà papọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ yóò sì sọ fún un ní Yorùbá ohun tí ó kù láti ṣe. Bí ó bá gbọ́ ọ bí o ti wí i gan-an, láì fi kún un, láì yọ kúrò níbẹ̀, èmi yóò dákẹ́ bí o ti ní kí n ṣe.